Àyè Ìka Kan

Abẹ́rẹ́ náà kọ̀, kò wọlé. Ọdẹmúyìwá tún un tì. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ náà fọ́, abẹ́rẹ́ sì gún un ní àtàǹpàkò. Ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà.

"Iṣu kọ́ lò ń wà," Ìyá Adéwùmí wí. "Tú u."

Ó tú u. Gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà lọ bẹ́ẹ̀.

Orí ẹní ni wọ́n jókòó sí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà náà ní Ṣakí. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ rán ẹ̀gbà ọwọ́. Ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì báyìí, ṣùgbọ́n tí ó bá fi ìka tọ ojú iṣẹ́ kan lọ, á sọ ibi tí ó ti bàjẹ́.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ. Wọ́n á sín ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan á jókòó sí àlàfo tó wà láàárín méjì nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù, òwú á sì gba inú èyí tó kàn kọjá. Tí èèyàn kò bá fa òwú náà tó, iṣẹ́ á dẹ̀, á máa ṣí sílẹ̀. Tí ó bá fà á jù, á le bí èèpo igi, á súnkì, kò sì ní gba ọwọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n fún mọ́.

Ọdẹmúyìwá máa ń fà á jù. Àgbẹ̀ ni.

Ìda oyin ló kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí i sí, ní Abà Ọdẹ, lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ. Bí wọ́n bá kó oyin nínú igbó, òun ló ń gbé ìda rẹ̀ wá fún Ìyá Adéwùmí, tó fi ń pa òwú kí ó má baà tètè já. Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá wà nínú yàrá. Ìbídàpọ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló jáde wá gba ìda náà. Ó gbé e sí imú, ó ní èéfín ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdẹmúyìwá ní èéfín kì í ta èèyàn, oyin ló ń ta èèyàn. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Kò gbé ìda kankan dání.

"Kí lẹ wá ṣe?" Ìbídàpọ̀ bi í.

"Mo wá wò ó bóyá èéfín yẹn ti lọ."

"Kò tíì lọ," Ìyá Adéwùmí dáhùn láti inú yàrá. "Ẹ jókòó dè é."

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídàpọ̀ ti ń pè é ní Eléèéfín.

Ọ̀ṣúnyẹmí ni orúkọ bàbá Ìbídàpọ̀, ṣùgbọ́n Baba Àpọ́nlé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àpọ́nlé ni àkọ́bí rẹ̀. Àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ ló fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìrọbí mú un, òjò ti rọ̀, odò ti kún bo afárá. Etí odò náà ló kú sí, lórí máṣíìnì, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí omi fà. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Wọ́n ṣì ń pe bàbá náà ní Baba Àpọ́nlé. Kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọn yóò ṣe yí i padà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ìbídàpọ̀ àti Ọdẹmúyìwá ti dàgbà, Ìyá Adéwùmí fúnra rẹ̀ ló ṣe alárinà. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó sọ fún un pé ọmọ gidi ni, kì í mu ọtí, ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ilé tó ń bọ òrìṣà bíi tiwọn ni wọ́n bí i sí. Ọ̀ṣúnyẹmí gbọ́ ọ tán. Ó béèrè ibi tí ilé ọmọ náà wà. Ìyá sọ ọ́.

"Ọ̀nà yẹn ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi," ó ní. Ó dìde, ó wọlé.

Ìyá padà lọ. Ó tún padà lọ. Ó bi Ọdẹmúyìwá bóyá ó lè kó wá sí Ṣakí. Ọdẹmúyìwá ní Abà ni ilẹ̀ bàbá òun wà, ìyá òun tó ti darúgbó sì wà níbẹ̀, kò sí ọmọ mìíràn tó ń bójú tó o ju òun àti àbúrò òun lọ. Ìyá kò béèrè mọ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀ṣúnyẹmí gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀. Ní ilé wọn, ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ láìní ẹ̀gbà ọwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, funfun àti àwọ̀ oyin, bí Ọ̀ṣun ilé wọn ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbà náà kò ní ìkọ́. Orí ọwọ́ ìyàwó ni wọ́n ti ń rán etí méjèèjì pọ̀, kò sì ní bọ́ mọ́. Bí ìgbéyàwó bá dàrú, bàbá á gé e, ọmọ rẹ̀ á sì padà di ti ilé. Àwọn obìnrin ilé ló máa ń rán an. Ọ̀ṣúnyẹmí ní ti Ìbídàpọ̀ yóò yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an.

Ó ti wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà dáadáa kó tó sọ ọ́.

Bí Ọdẹmúyìwá ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ìyá Adéwùmí nìyẹn. Ọjọ́ ọjà ló ń wá. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gun máṣíìnì padà sí Abà. Tó bá dé etí odò, á dín eré kù. Ó máa ń rò ó níbẹ̀ pé bàbá náà kò purọ́. Ọ̀nà kan náà ni, odò kan náà ni. Tí òun bá fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí tó bí òun ṣe ń wí, kí ló dé tí òun fẹ́ mú un gba ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí? Á kọjá afárá náà, á lọ sílé. Lọ́jọ́ ọjà kejì, á tún wá.

Ìgbà ọyẹ́ ló parí ẹ̀gbà àkọ́kọ́. Ó mú un lọ bá Ọ̀ṣúnyẹmí, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà fẹ́ tẹ ẹ̀gbà náà, kò ṣeé tẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ẹ̀gbà náà dúró gan-an fúnra rẹ̀.

"Páńpẹ́ lẹ fi ń mú ẹran nílé yín," ó ní. "Ọmọ mi kò ní wọ ọ́."

Ọdẹmúyìwá padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Adéwùmí gbà á, ó fi ìka tọ ojú rẹ̀ lọ. Ó ní bàbá náà kò purọ́ mọ́ ọn, ó le lóòótọ́. Ó ní kó tú u, kó fi abọ́ kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló wo apá ibi tí Ìbídàpọ̀ wà, ó ní kó wá jókòó.

"O ò tiẹ̀ mọ ọwọ́ tí ò ń rán nǹkan fún," ó sọ fún Ọdẹmúyìwá. "Wọ̀n ọ́n."

Ìbídàpọ̀ na ọwọ́ òsì. Ọdẹmúyìwá yí òwú ká ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án rí ṣáájú ọjọ́ náà.

"Fi ìka rẹ sí abẹ́ òwú," ìyá wí. "Àyè ìka kan ni. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ dín."

Ó fi ìka sí i. Ó gbọ́ bí iṣan ọwọ́ ọmọbìnrin náà ṣe ń lù. Ó pẹ́ kó tó fa ìka náà yọ. Ìyá Adéwùmí wúkọ́.

Lọ́jọ́ náà, Ìbídàpọ̀ sìn ín dé ìdí máṣíìnì.

"Tí Baba bá tún kọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Màá tú u."

"Tó bá tún kọ̀ ọ́?"

"Màá máa tú u títí òwú yóò fi tán ní Ṣakí."

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun kò bẹ̀rù ọ̀nà yẹn. Ó ní òun máa ń lá àlá Àpọ́nlé, inú àlá náà kì í sì í ṣe etí odò ni wọ́n ti máa ń rí ara wọn, inú ilé ni, wọ́n á máa di irun. Ohun tí òun bẹ̀rù ni kí òun dàgbà sínú ilé bàbá òun nítorí ẹni tó ti kú.

"Ẹ má jẹ́ kó sú yín," ó ní.

Kò sú u. Ó kọ́ láti jẹ́ kí òwú lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sì dúró kó tó fa òmíràn. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gbin ọkà, ó parí èkejì. Ìyá Adéwùmí di ojú, ó tọ gbogbo rẹ̀ lọ, ó dá a padà fún un, kò ní kó tú u. Ọ̀ṣúnyẹmí náà gbà á. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i po ìka ara rẹ̀, ó yọ ọ́. Ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ pé ó dára. Ó ní kí wọ́n lọ mú ọjọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, iwájú gbogbo ẹbí ni Ọdẹmúyìwá ti rán etí ẹ̀gbà náà pọ̀ lórí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyá Adéwùmí fi ìka sí abẹ́ rẹ̀, ìka náà wọlé, kò sì sí àyè tó ṣẹ́kù. Ọ̀ṣúnyẹmí dìde. Àwọn èèyàn rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà.

"Ọjọ́ tí ẹ bá gé e," ó sọ fún àwọn ará Abà Ọdẹ, "ẹ gbé ọmọ mi padà wá fún mi."

Ó jókòó.

Inú Ìbídàpọ̀ dùn ní Abà. Mi ò ní fi èyí pamọ́. Igi ẹ̀mí kan, tí èso rẹ̀ ń di òrí, wà níwájú ilé, abẹ́ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń po òrí lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì kọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù wo àwòrán. Kí ọdún tó yí po, ó lóyún.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àgọ́-Àrẹ ló ń lọ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó bọ́ ẹ̀gbà náà kí inú tó tóbi, torí ọwọ́ lè wú. Ìbídàpọ̀ ní òun gbọ́. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣé o máa gé e?" Ọdẹmúyìwá bi í.

"Ṣé kí Baba wá gbé mi ni, Eléèéfín?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó tún lọ, ó wọ bùbá alápá gígùn bo ẹ̀gbà náà. Nígbà tí òjò wá le, ó ní ọ̀nà ti sú òun, ara òun sì le, kò lọ mọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Gbogbo èèyàn ní ẹsẹ̀ aboyún máa ń wú. Lẹ́yìn náà ni Ọdẹmúyìwá rí i pé ẹ̀gbà ọwọ́ náà ti há. Ìlẹ̀kẹ̀ ti fi àpá sára ẹran ọwọ́. Ó fẹ́ fi ìka sí abẹ́ rẹ̀, ìka kò wọlé.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ṣakí. Ó ti fà á jù. Gbogbo bó ṣe ṣọ́ra tó, ọwọ́ iṣu náà ló fi ṣe é, òwú ti ń súnkì díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń kàn án. Ojú tì í. Ó gun orí àpáta lẹ́yìn abà, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó pe Ìyá Adéwùmí.

"Ìyá, ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn ti ń le. Ìka kò wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ṣebí mo wí i? O fà á jù. Má gé e o. Tú ojú ibi tí o ti so ó pọ̀, kí o fi ìlà ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ kún un, lórí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà. Orí ń fọ́ ọ díẹ̀."

"Bá mi kí i."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Ó ra ìlẹ̀kẹ̀ ní ọjà Àgọ́-Àrẹ. Funfun rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ oyin rẹ̀ kò dọ́gba, ó mọ́lẹ̀ jù, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ní. Ìbídàpọ̀ jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí, ó gbé ọwọ́ lé itan rẹ̀. Ọdẹmúyìwá tú ojú ẹ̀gbà náà, ó fi ìlà kún un, ó tún un rán pọ̀. Ìka rẹ̀ wọlé. Inú àwọn méjèèjì dùn.

Kò pẹ́ tí ìka náà kò tún wọlé mọ́. Ó tún jókòó, ó tún tú u. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Kò ṣe iṣẹ́ kan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Òwú náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bó ṣe ń rán an lọ, Ìbídàpọ̀ fi ọwọ́ kejì nu ojú.

"Eléèéfín, ìlẹ̀kẹ̀ yín ń fò lójú mi."

Ọdẹmúyìwá rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kó má gbọn ọwọ́, ó kù díẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbídàpọ̀ ń bẹ iṣu. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ gan, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu náà, ó ń gbọ̀n. Ìyá ọkọ rẹ̀ kígbe. Ọdẹmúyìwá àti àbúrò rẹ̀ gbé e sáàárín ara wọn lórí máṣíìnì, wọ́n fi aṣọ dì í mọ́ra.

Odò kò kún lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà kò dá wọn dúró níbì kankan. Wọ́n dé Ṣakí kí oòrùn tó ga.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń wá iṣan tí yóò fi omi sí. Ọwọ́ náà ti wú gan-an, ẹ̀gbà ti rì sínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mú sísọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́," Ọdẹmúyìwá wí, "ẹ jẹ́ kí n tú u. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tú u."

Nọ́ọ̀sì ti sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ ẹ̀gbà náà. Ó gé e. Ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ dà sílẹ̀, wọ́n sáré lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà jáde sí i. Ó bi í láti ìgbà wo ni ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti ń wú.

"Mo rò pé mo fà á jù ni," ó ní.

Ohun tó ń sọ kò yé dókítà. Ó tún ìbéèrè náà béèrè. Ọdẹmúyìwá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Dókítà wá ṣàlàyé fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tó máa ń mú aboyún, pé wíwú ọwọ́ àti orí fífọ́ ni àmì rẹ̀, pé tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè ṣe nǹkan sí i. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Ó padà wọlé.

Ọmọkùnrin ni Ìbídàpọ̀ bí. Kò ké, kò sì mí. Ìyá rẹ̀ kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà.

Ọ̀ṣúnyẹmí dé. Wọ́n ṣí aṣọ fún un. Ojú kọ́ ló wò, ọrùn ọwọ́ òsì ló wò. Àpá ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ yí po, ẹ̀gbà alára kò sí níbẹ̀.

"Ta ló gé e?"

"Nọ́ọ̀sì ni, Baba."

Ọdẹmúyìwá wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń retí kí bàbá náà gbá òun létí, tàbí kó ṣépè. Kò ṣe méjèèjì.

"Wọ́n ti gé e," ó ní. "Ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpọ́nlé. Àwọn ará Abà Ọdẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sẹ́ni tó lé wọn, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n sún mọ́.

Ó pẹ́ kí Ọdẹmúyìwá tó tún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Adéwùmí. Kò gbé ìda wá. Ó gbé ẹ̀gbà ọwọ́ náà lé ìyá lọ́wọ́. Ó ti kó ìlẹ̀kẹ̀ tó rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dì í sínú ọ̀rá.

"Mo fẹ́ kí ẹ sọ ibi tí mo ti fà á jù fún mi."

Ìyá kọ́kọ́ ní kó gbé e lọ. Kò gbé e lọ. Ó dúró níbẹ̀. Ìyá di ojú, ó fi ìka tọ ojú iṣẹ́ náà, láti etí kan tí sísọ́ọ̀sì gé dé etí kejì. Ó padà, ó tún tọ̀ ọ́. Nígbà tí ó dé orí àwọn ìlà tí wọ́n fi kún un, ìka rẹ̀ dúró, lẹ́yìn náà ó ń lọ.

"Kò sí," ó ní.

"Ẹ tún un wò, Ìyá."

"Mo ti wò ó. Ó tọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ ló ti tọ́." Ó la ojú. "Ẹ̀fẹ̀ ni mo bá ẹ ṣe lórí fóònù yẹn, Múyìwá. Ẹ̀fẹ̀ ni."

Wọ́n jókòó. Oòrùn kúrò lórí ẹní. Ìyá kò sunkún lójú rẹ̀, òun náà kò sunkún. Nígbà tó yá, Ọdẹmúyìwá gba ẹ̀gbà náà, ó dìde, ó gun máṣíìnì padà sí Abà.

Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ìyá Adéwùmí kò rán ẹ̀gbà ọwọ́ mọ́, ó kó abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé. Baba Àpọ́nlé ni wọ́n ṣì ń pe Ọ̀ṣúnyẹmí.

Ẹ̀gbà ọwọ́ náà wà lórí àjà ní Abà Ọdẹ, nínú ike tí wọ́n ń kó ìda sí. Wọn kò rán ojú ibi tí wọ́n gé padà. Àwọn ìlà tó fi kún un lẹ́yìn mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ.